Bàyọ́lọ́jì Mẹ́rin

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí irùngbọ̀n mi á fi funfun: Jímọ̀ tí Tíṣà ka lẹ́tà mẹ́rin sí etígbọ̀ọ́ gbogbo agboolé wa ní Pópó Yemọja. Ara mi ṣì ń gbóná tí mo bá rántí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó nà mí lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n lé mi ni, àwọn kan ní mo sá ni; èmi àti ilé-ìwé la jọ fẹnu kò. Bàbá mi ń rán fìlà ní Mápó, kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà, ni mo bá sọ fún un pé mo ti ka gbogbo ìwé ibẹ̀ tán.

"Kíákíá báyẹn?"

"Orí mi ló yá, Bàbá."

Inú ẹ̀ dùn, ó dé fìlà tuntun mọ́ mi lórí. Ó bá mi mu gan-an, nítorí kò sí nǹkan kan nínú orí náà tó máa dí fìlà lọ́wọ́.

Ọdún kan kọjá, orí tó yá ò ríṣẹ́ ṣe. Mò ń sùn, mò ń jí, mò ń ta ayò. Bàbá bá sọ lọ́jọ́ kan pé tí Iléyá bá kọjá tí mi ò tíì rí yunifásítì kan wọ̀, òun á mú mi lọ sí Bẹyẹrúnká, lọ́dọ̀ ìbátan wa kan tó ń ṣe bíríkìlà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti bọ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ rí. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bíi èèpo igi ni.

Níbi tí mo ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ni mo ti rí ìwé pẹlẹbẹ kan ní láíbìrì. Òyìnbó mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wo ẹja. Kò sẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì dání nínú wọn. Mo ní, iṣẹ́ mi rèé! Màríìn Bàyọ́lọ́jì ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀, ìmọ̀ nípa gbogbo ohun tó ń mí nínú òkun. Èmi tí mi ò rí òkun rí. Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ni Ògùnpa, mi ò sì mọ̀wẹ̀.

Mo sáré lọ bá Bàbá ní Mápó. Ó wà nídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró.

"Bàbá, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kà. Màríìn Bàyọ́lọ́jì ni."

Ó dá máṣíìnì dúró. "Mẹ́rin?"

"Màríìn, Bàbá."

"Mẹ́rin náà ni mo gbọ́ yẹn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tó lọ Lọ́ńdọ̀nù, bàyọ́lọ́jì mélòó ló ń kà?"

"Ẹyọ kan ni, Bàbá."

"Ẹyọ kan!" Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Bàbá Olówùú, ẹ gbọ́? Tèmi fẹ́ ka mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà!"

Ó yẹ kí n la ẹnu mi nígbà yẹn. Mo là á, ẹ̀rín ló jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo aláṣọ Mápó ti ń kí i ní "Baba Mẹ́rin", ó wá ń rìn bí ẹni tó gun ẹṣin.

Ó ku ká yan yunifásítì. Bàbá ní mẹ́rin ni, kí bàyọ́lọ́jì kọ̀ọ̀kan ní ilé tiẹ̀. Èyí tó wà nílùú wa níbí, mi ò sún mọ́ ọn. Wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn lọ béèrè mi ní ilé-ìwé tí mo ti kúrò. Mo gbé ìwé máàpù mi àtijọ́ jáde, mò ń wá ibi tí búlúù bá ti sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Mo rí ọ̀kan tí búlúù yí ká pátápátá, bí ẹni pé inú omi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Mo kọ̀wé síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí òmíràn nítorí àwòrán òdòdó ọgbà ẹ̀, mo sì fi olókìkí kan kún un kí wọ́n má bàa rò pé ojú mi ò tó nǹkan. Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù wà létí òkun. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé wọn pé àwọn ń sọ ọmọkùnrin di apẹja ènìyàn. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí. Mo rò pé ẹja tó tóbi tó èèyàn ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Mo kọ sí wọn pé láti kékeré ló ti ń wù mí kí n fi ilé bàbá mi sílẹ̀, kí n wá ṣe apẹja lọ́dọ̀ wọn títí ọjọ́ alẹ́ mi.

Tíṣà ni ayálégbé wa, ọmọ Aládùúrà tí kì í purọ́ kódà fún ẹni tó ń kú lọ. Àpótí lẹ́tà tiẹ̀ ni mo lò. Ó lọ fún họlidé, ìgbà tó dé ló bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀. Kàkà kó gbé wọn fún mi, Bàbá ló gbé wọn fún. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá pe gbogbo agboolé jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó pe Ààfáà mọ́ wọn, ó tẹ́ ẹní.

Mo ṣẹ́jú sí Tíṣà. Ó ní, "Kí ló kó sí ẹ lójú?"

Ó já àkọ́kọ́. "Àwọn wọ̀nyí ní àwọn dúpẹ́, àmọ́ obìnrin nìkan ni àwọn ń gbà."

Ìyá àgbà wò mí. "Ṣé o sọ fún wọn pé obìnrin ni ẹ́ ni?"

"Ó ku mẹ́ta," ni Bàbá wí.

Ìkejì sọ pé òkun tó sún mọ́ àwọn jù, ọkọ̀ ojú irin á fi ọjọ́ méjì rìn kó tó dé ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí búlúù yẹn. Ní fọ́ọ̀mù tú ni ínkì ti dà sórí máàpù mi.

"Ó ku méjì." Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Olókìkí béèrè sátífíkéètì fọ́ọ̀mù fáìfù. Bàbá yíjú sí mi: "Ṣebí o kà á tán?" Ikọ́ gbé mi, ikọ́ tí mi ò ní láàárọ̀. Mo ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ ka ti ìkẹyìn.

Ó kà á, ojú ẹ̀ tàn. "Wọ́n gbà á!"

Háà! Bàbá fò sókè. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí kì mí. Ààfáà tẹ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀, kí n di ọ̀gá níbẹ̀, kí n má ṣe padà lẹ́yìn wọn. Àmín tèmi ló pariwo jù.

"Ọdún méje ni," Tíṣà ń bá a lọ. "Kò sì gbọdọ̀ fẹ́yàwó láyé ẹ̀."

Bàbá rọra jókòó. "Irú ẹja wo nìyẹn?"

"Ẹja kọ́, Bàbá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fadá ni. Wọ́n ní bó ṣe kọ̀wé, ó dá àwọn lójú pé Ọlọ́run ló pè é."

Ààfáà dìde fùú. "Àdúrà tí mo ṣe ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á padà! Ẹ̀yin náà, ẹ gba àmín yín!"

Agboolé rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń di ògiri mú. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàyọ́lọ́jì mẹ́rin náà ńkọ́, Tíṣà?"

"Mẹ́rin kọ́, Bàbá. Màríìn ni, ti inú òkun. Ẹyọ kan ni."

Bàbá wò mí. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O wá ń jẹ́ kí n máa wí i kiri Mápó."

Kò pariwo. Ó kàn wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n wọṣọ. "Ibi tí mo gbé e dé, ìwọ lo máa lọ gbé e kúrò." Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀, mò ń sọ pé ẹyọ kan ni, pé ẹyọ kan náà mi ò rí i, pé fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti kúrò ní ilé-ìwé. Bàbá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wolẹ̀. Àwọn aláṣọ ń fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Olówùú ló kù. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Dìde, jàre. Ṣebí kíláàsì kan náà lẹ wà pẹ̀lú ọmọ mi? Ọjọ́ tí wọ́n lé ẹ gan-an ló ti sọ fún wa. Ta ni kò mọ̀ ní Mápó yìí?"

"Ẹ mọ̀," ni Bàbá wí, "ẹ ò sì sọ fún mi?"

Ọkùnrin náà ń tú òwú tí kò lọ́. "Ó ń dùn lẹ́nu yín ni. Ta ló fẹ́ gbà á lẹ́nu yín?"

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ó fi etí agbádá nu ojú.

Irọ́ tí mo fẹnu ara mi pa ò dùn mí tó èyí tí mo dákẹ́ sí, tí mo jẹ́ kí bàbá mi máa bá mi pa. Iléyá kọjá, mo dèrò Bẹyẹrúnká. Ògiri àkọ́kọ́ tí mo mọ wọ́ bí ìrù ajá. Ọ̀gá mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Níbo lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan?" Irọ́ gidi kan ti wà lẹ́nu mi, ó ti gbóná. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mi ò kọ́ ọ, ọ̀gá." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a wó o, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.