Wúfà Gba Àga Ìyá Ìyàwó

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá. Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún méje èèyàn ló wá wò ó, mo ṣì dín in kù. Ìyá kan ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, àga mi ni mo wá gbà o!"

"Ta ló jókòó lé e?"

"Àpótí ni! Wúfà tí ọkọ ọmọ mi rà, èyí tó ń dún gbì-gbì lábẹ́ orin. Ó gbé e sórí àga mi, ó ní kí n máa jókòó nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Orúnkún mi yìí, bí mo bá jókòó nílẹ̀, èèyàn méjì ló ń fà mí dìde. Bí mi ò bá gba àga mi lónìí, mò ń kó ẹrù mi kúrò nílé wọn nìyẹn."

Ó kígbe débi pé òrùlé ààfin gbéra, ó tún jókòó. Ọba kọjú sí ọkọ, wẹ́dà tó ń jó irin ni.

"Wẹ́dà, kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, ìwé tó bá wúfà wá ló ní kí n gbé e sórí àga tí a ti ń gbọ́ orin, kí n wá rákòrò yí pálọ̀ ká, kí n wá ibi tí báàsì, gbì-gbì yẹn, ti dùn jù. Mo rákòrò. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dùn jù. Ibi tó dùn jù yẹn náà ni mo fún Màmá! Ṣé ìkà nìyẹn?"

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde.

"Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rákòrò. Ó sùn lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó jí, ó ní ibẹ̀ ló dùn."

"Ìyàwó ò mọ̀," ni onígbàjámọ̀ ilé kejì wí. "Ojú fèrèsé mi ni mo ti wò ó. Ó yí pálọ̀ po lẹ́ẹ̀méje."

"Ṣé kò sùn?" ni Ọba bi í.

"Kò sùn rárá. Ó kàn ń hanrun díẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi fi ń gbóná. Ọba gba ìwé náà, ó yí i, ó nà án sí ìyàwó.

"Ka ẹ̀yìn ẹ̀."

"'Bí o bá ti rí ibẹ̀, gbé wúfà kúrò lórí àga, kí o gbé e lọ síbẹ̀. Padà jókòó sórí àga rẹ.'"

"Yéè! Kábíyèsí, mi ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìn!" ni wẹ́dà ké.

"O ò yí ìwé, ìyá arúgbó wá ń yí nílẹ̀! Ìyá, ẹ lọ jókòó sórí àga yín. Wúfà á sùn ní ààfin fún oṣù mẹ́ta. Ìwọ wẹ́dà, lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ìyá bá ti tan orin, ìwọ ni kó o máa fi ẹnu dún gbì-gbì títí á fi tán."

"Kábíyèsí, bí ọ̀fun mi bá gbẹ ńkọ́?"

"Mu omi. Má fo gbì kankan."

Gbogbo wa la sìn wọ́n délé. Ìyá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tan orin nínú rédíò. Wẹ́dà rákòrò bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Gbì... gbì... gbì..."

Ìyá dijú, ó fetí sí i, ó mi orí.

"Ọkọ ọmọ mi, kò tíì dé àyà mi o. Sún mọ́ ògiri díẹ̀ sí i!"