Pákò Inú Aṣálẹ̀

Kò sí ewé tí ẹ máa fi han Bùọ̀dá Adékúnlé tí wọ́n máa ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Akáńtáǹtì ni wọ́n ní Adelphi, ní Maryland. Koríko iwájú ilé wọn gan-an, aládùúgbò ló ń bá wọn gé e.

Lóṣù March 2006, èmi àti wọn wọ bàálù lọ sí Arizona láti mọ ẹbí Ìtùnú, ọmọ tí Joel ọmọ Bùọ̀dá fẹ́ fẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà ńlẹ̀: Maryland ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ti wáyé. Bùọ̀dá ti ṣèlérí fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹnu mi nìkan ti tó wọn," ni wọ́n wí.

Ẹnu ọ̀hún náà rèé.

Láàárọ̀, Bàbá Ìtùnú mú wa rìn jáde sínú aṣálẹ̀ ẹ̀yìn ilé wọn. Òkúta, iyanrìn, ẹ̀gún. La bá kan igi kúkúrú kan, ewé rẹ̀ rí bí ẹni da eérú sí i, òdòdó yẹ́lò bò ó lórí.

"Ẹ mọ eléyìí, sà?" Bàbá Ìtùnú bi wọ́n. "Ibí yìí ni orírun ẹ̀. Brittlebush ni wọ́n..."

"Ẹ jọ̀ọ́, àna wa," Bùọ̀dá já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Igi pákò nìyí."

"Bùọ̀dá, Ìbàdàn kọ́ la wà o," mo sọ jẹ́jẹ́.

"Kí lo mọ̀? Pákò ni mo fi dàgbà."

Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo eyín ẹnu wọn fi jẹ́ àtọwọ́dá.

Kà! Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka kan, wọ́n tì í bọ ẹnu, wọ́n ń rún un wàmùwàmù.

"Ẹ rọra, sà, ó ní oje..."

Oje ti dé. Eyín òkè lẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀ típẹ́típẹ́. Bùọ̀dá fà á, kò ṣí. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, díẹ̀ ló kù kí ìka náà máa gbébẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ń ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́.

Nígbà tá a fi máa délé, àlejò ti kún pálọ̀, Joel àti Ìtùnú náà wà láàárín wọn. Bàbá Ìtùnú dìde.

"A ti fún yín lọ́mọ. Ohun kan ló kù. Ṣé ẹ gbà ká ṣe ìgbéyàwó níbí, nínú aṣálẹ̀ tiwa yìí, lóṣù July?"

July. Nínú aṣálẹ̀. Níbi tí aláǹgbá gan-an ti ń wá ibòji.

Bùọ̀dá fò dìde. Wọ́n ju ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń mirí, wọ́n ń tiro, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò.

"Mmm! Mmmmm!"

"Ẹ wò wọ́n," Màmá Ìtùnú wí, "Ẹ̀mí ti bà lé wọn." Ni wọ́n bá dá orin ìyìn, gbogbo ilé gbè é.

Bùọ̀dá ń fojú bẹ̀ mí. Èmi? Nínú bàálù ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ la ẹnu níwájú àwọn àna. Mo máa ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Joel ní tiẹ̀, Ìtùnú ló ń wò.

Pásítọ̀ wọn wá fi àdúrà dé e: "Ìgbéyàwó oṣù July yìí, nínú aṣálẹ̀ yìí, ohunkóhun ò ní yẹ̀ ẹ́, lórúkọ Jésù!"

Ẹnu tó ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré ò lè gbọ́ irú èyí kó dákẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bùọ̀dá gbọ̀n, oje já, pàù! Gbogbo ilé wá gbọ́ ohùn wọn ketekete:

"Àààmín!"