Ẹni Tó Yí Ohùn Sùbérù Sókè

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó bá yí ohùn wèrè sókè, kó má bínú bó bá dárúkọ ilé òun? Èmi mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má bá mi jiyàn, ẹ jókòó.

Òjéwálé onígbàjámọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ọ̀pẹ. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀-Odò, ní òdì kejì afárá. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà.

Sùbérù kan wà tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ìdájí, nígbà tí àgbẹ̀ àti àkùkọ nìkan jí. Ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀dí ló ń sanwó ètò náà. Sùbérù á ní àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ló ń dá òjò dúró, wọ́n sì fẹ́ gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́.

Òjéwálé gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé rédíò síta kí àwọn oníbàárà lè bá a rín in. Bàbá Látúndé, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fá irùngbọ̀n òun, á máa kígbe lórí àga: "Yí i sókè, jàre! Wèrè yìí mà dùn o!"

Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. "Baálé mi, èmi náà ló ń bú yẹn o."

"Ìwọ kọ́. Ta ló ń gba wèrè gbọ́?"

Àwọn onírédíò rí i pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́ Sùbérù, wọ́n gbé e wá sí ẹ̀yìn ìròyìn òwúrọ̀. Àwọn tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó tì í, wọ́n ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rín bá tán. Bí o bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn ẹni ńlá wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́?" Òjò ò sì rọ̀. Wọ́n dáná sun ìsọ̀ ará Ìsàlẹ̀-Odò kan lẹ́sẹ̀ afárá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Òjéwálé ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Bàbá Látúndé tán, abẹ wà lọ́fun rẹ̀, ó ń lọ sí òsì. Rédíò ní: "Ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀pẹ, onígbàjámọ̀ kan wà láàárín yín tó fẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò. Ta ló rán abẹ yẹn sí ọ̀fun yín?"

Abẹ ò mì. Gògóńgò Bàbá Látúndé nìkan ló ń lọ sókè sódò.

"Òjé," ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, "gbé e kúrò. Díẹ̀díẹ̀."

"Bàbá, èmi Òjé ni! Èmi tí mo ń fá a fún yín láti ọdún gbọọrọ!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣáà gbé e kúrò."

Bí abẹ ti kúrò, bàbá sá jáde tòun ti ìhó ọṣẹ lẹ́nu. Òjéwálé pa rédíò. Ohùn Sùbérù ò dákẹ́: ó ń bọ̀ láti ilé aránṣọ, láti ìsọ̀ alápatà, láti ojúde gbogbo. Àwọn kan ti ń ṣa òkúta ní ìkóríta. Àwẹ̀ró ti di ẹrù. Òjéwálé kó abẹ sápò, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sọdá afárá.

Kò sí onígbàjámọ̀ mìíràn ní Òkè-Ọ̀pẹ. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan tó fi gèlè bojú kan ilẹ̀kùn wọn ní Ìsàlẹ̀-Odò. Àwẹ̀ró ká gèlè: Bàbá Látúndé ni, irùngbọ̀n apá ọ̀tún kúrú, tòsì gùn bíi ti òbúkọ.

"Òjé, bá mi parí rẹ̀," ó ní. "Sùbérù ti ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò bá dọ́gba, amí Ìsàlẹ̀-Odò ni."

"Bàbá," Àwẹ̀ró ní, "ṣé ọ̀fun yín ò bẹ̀rù abẹ mọ́?"

Òjéwálé ń pọ́n abẹ. Ẹni tó gbé rédíò síta wo ẹni tó ní kó yí i sókè. Bàbá Látúndé jókòó, ó na ọrùn, ó di ojú.

"Fá a, ọmọ mi. Ẹni tó bá yí ohùn wèrè sókè, kó má bínú bó bá dárúkọ ilé òun."