Ọjọ́ Tí Dókítà Ojú-Kan-Tó Fi Ìka Yan Ọmọ

Ẹ bá mi kí Dókítà Ojú-Kan-Tó! A-dúró-lẹ́nu-ọ̀nà-mọ-àìsàn, a-kọ̀yìn-sọ́mọ-mọ-ìwà-ọmọ, ọkùnrin tí aṣọ funfun rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá bọ́ ọ sílẹ̀, aṣọ náà lè dá dúró kó máa bá a gba àlejò. Dókítà ọpọlọ ni. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bí àyà ṣe ń lù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà kan pé kí ló ń fi í gbọ́. Ó wo ẹ̀yìn wò, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, fọ́tò ló ń fi í yà."

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ ní Ojú-Kan-Tó o. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn dókítà yòókù nílé ìwòsàn yẹn, bí wọ́n bá gbé ọmọ kan wá tí wọ́n fura pé ó ní ọ́tísìmù, ìyẹn àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ mọ ayé, wọ́n á jókòó tì í. Wọ́n á bá a ṣeré, wọ́n á bi ìyá, wọ́n á bi bàbá, wọ́n á tún ní kí wọ́n padà wá. Dókítà tiwa ò ráyè ìyẹn. "Àwọn tí ojú wọn ò là ló ń jókòó," ló máa ń wí. "Èmi? Ojú kan tó!" Á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á wo ọmọ fìrí, á ní, "Mo ti rí i," ó ti kọjá sí yàrá kejì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ aṣọ rẹ̀ nìkan ni yóò kù lẹ́yìn tí yóò máa fẹ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó sí i lọ́wọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje, Màmá Kékeré là ń pè é. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn, kò sí àlejò tó máa wọlé wa tí kò ní to bàtà rẹ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ńlá síwájú, kékeré tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ da ètò náà rú, ẹ ti rí ìjà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ariwo máa ń dùn ún bí ìgbà tí wọ́n bá ń gún un lábẹ́rẹ́ nínú etí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá já bọ́ lójijì, ẹ̀rín ọmọ yẹn á gba gbogbo ilé, á sì yíjú sí ìyá rẹ̀ láti wò ó bóyá òun náà rí i.

Ilé ìwé ni wàhálà ti wá. Ọ̀gá ilé ìwé, ọkùnrin kan tó máa ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ ṣáá, ní òun ò ní lè gbà á mọ́ àyàfi bí Dókítà Ojú-Kan-Tó bá sọ pé ó lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó jìnnà, níbi tí ọmọ ń sùn tó ń jí, tí ìyá ò ní rí i àfi nígbà ìsinmi. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti wọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́fun mọ́. Èmi ni mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé bí òun ṣe ní sùúrù tó, bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ní ẹnu tó.

Nígbà tí Dókítà yọjú, Màmá Kékeré ti wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, ó ń to bàtà gbogbo àwa tá a jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló wà níta.

"Mo ti rí i," ni Dókítà wí.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ rí, sà."

"Ẹ̀yìn náà ń sọ̀rọ̀, ìyá. Ẹ̀yìn kì í purọ́. Irú àwọn báyìí kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ. Wọn ò nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín, sà."

"Kì í ṣe ẹ̀rín. Iṣan ẹnu ló ń fà á."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Dókítà, iṣan ẹnu wo ló ń fa èèyàn tó fi ń wojú ìyá rẹ̀?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta nìyí?"

"Àbúrò mi ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi yára dáhùn, ó sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó yẹ kí n yẹ òun náà wò," ni Dókítà wí. "Àmọ́ mo ti rí i."

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, lórí ọmọ ni, létí ọmọ ni, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Màmá Kékeré ti dáwọ́ bàtà títò dúró. Ó ń gbọ́. Inú bí mi gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jókòó ti ọmọ náà díẹ̀. Ni Dókítà bá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ ohun tí kò wúlò fún òun. Wọ́n ń kọ́ ilé ìtọ́jú tuntun fún àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn náà, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ṣe olórí rẹ̀. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti gbọ́ pé Dókítà ti lọ wo ara ògiri tí wọ́n máa gbé fọ́tò òun kọ́ sí, ó sì ti ní kí wọ́n tún ibẹ̀ kùn.

"Ìgbìmọ̀ tó máa yan olórí máa péjọ ní gbọ̀ngàn," ló wí. "Màá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn wọ́n. Ẹ mú ọmọ yín wá. A óò fi í sáàárín àwọn ọmọ mìíràn, màá sì yọ ọ́ jáde lójú kan. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ lọ́jọ́ náà, abẹ gé e."

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún délé. "Tí mi ò bá mú un lọ, wọ́n á ní mo kọ̀. Tí mo bá sì mú un lọ, wọ́n á gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni mo wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, jókòó níwájú. Ọ̀gá ilé ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ti kó àwọn ọmọ jọ sórí ẹní lórí pèpéle, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ àwọn àlejò, àti Màmá Kékeré láàárín wọn, pẹ̀lú ègé igi kéékèèké tí wọ́n ń fi kọ́lé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hu, ó ń ṣe fíìì, fíìì, bí ẹni pé inú ń run ún.

Láti òde la ti ń gbọ́ Dókítà: "Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi o! Ẹni tó bá ṣẹ́jú sí mi, màá lé e jáde!"

Ó wọlé, aṣọ ìnujú ló fi bojú, nọ́ọ̀sì ń fà á lọ́wọ́. Ó gun pèpéle. Ó gba máìkì. Ó ṣí aṣọ ìnujú, ó wo àwọn ọmọ fìrí, ó sì kọjú sí èrò.

"Mo ti rí i!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà tẹríba, ó tún tẹríba, lẹ́yìn náà ló wá na ìka sí ọmọkùnrin kékeré kan tó fi ìka méjèèjì di etí, tó káwọ́ kásẹ̀, tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́ mú. "Èyí kọ́ lọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ."

"Ẹ wò ó!" ni Dókítà ń wí. "Ó di etí. Kò mọ̀ pé a wà níbí. Ẹ wo bó ṣe ń mì, àìsàn ló ń mì ín bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí ò nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ní nífẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni láé. Ẹ fún un lómi, ẹ fún un ní òkúta, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ẹni tó bí i, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbé e lọ síbi tó jìnnà, kí ẹ gbìyànjú òmíràn."

Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Bóyá ká ní ó dúró níbẹ̀, ìwọ̀n ìtìjú kan ni ì bá rù lọ sílé. Ṣùgbọ́n agbéraga kì í mọ ibi tí òpópónà parí sí. Ilé tí ọmọ kan ń fi igi kọ́ wó lulẹ̀ lákòókò náà, Màmá Kékeré bú sẹ́rìn-ín kèékèé, ó sì wá ojú ìyá rẹ̀ láàárín èrò.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Dókítà kígbe. "Ẹ wá wo ìyàtọ̀! Ẹ gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin yìí, ẹ̀rín tòótọ́, láti inú wá! Ẹ wo bó ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Ìfẹ́ nìyẹn! Ọmọ tí ilé ìwé ń wá nìyí. Bí ọ̀gá ilé ìwé kan bá sọ pé irú ọmọ yìí ò lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mú ọ̀gá náà wá fún mi, orí tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò!"

Ọ̀gá ilé ìwé dáwọ́ ọwọ́ rírà dúró.

Dókítà tún padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, ó ti máìkì sí i lẹ́nu. "Irú wọn kì í lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ gbọ́ o. Ìwọ! Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ọmọ náà yọ ìka létí. "Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí, sà. Ẹ ò dákẹ́ kí n lè sọ."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé ìtọ̀ náà dé ojú títì. Ẹ̀rín bú! Àwọn ìgbìmọ̀ ń gbá tábìlì, ẹnì kan tiẹ̀ yọ̀ bọ́ lórí àga. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gun pèpéle, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Ọmọ-ọmọ mi ni," ló wí.

Ẹ̀rín dá. Ọmọ náà gbójú sókè. "Màmá àgbà, ṣé mi ò nífẹ̀ẹ́ yín ni?"

"O nífẹ̀ẹ́ mi, ọkọ mi. Tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì, lọ tọ̀, kó o máa bọ̀." Alága wá kọjú sí Dókítà. "Bóyá ó ní ọ́tísìmù o, bóyá kò ní, ọmọ mi ni. Ìyẹn ò bà mí nínú jẹ́. Ohun tí ẹ sọ létí rẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ kì í ṣe alága ńkọ́, Dókítà? Ta ló ń gbèjà òun nígbà tí ẹ bá ń sọ irú èyí?"

Òógùn bo Dókítà. "Màdáámù, mo... mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Mo fi dán yín wò ni."

"Ó dáa. Èwo wá ni ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè wá?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ọkùnrin yẹn wo ọmọdé. Ojú kan ò tó. Ojú méjì ò tó. Ó na ìka sí ọ̀kan tó ń fi ahọ́n lá imú.

"Tèmi nìyẹn o!" ni ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn wí.

Ó na ìka sí òmíràn. "Ẹ gbé ìka yẹn kúrò lórí ọmọ mi!" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. Bí ìka náà bá ti ń yí bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí ń dìde kí ó tó kàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi náà dìde. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá le. "Èyí tí ẹ ní ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́ tòótọ́ yẹn ni, sà. Èyí tí ẹ ní ilé ìwé ń wá. Òun ni ọmọ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé kúrò lọ́dọ̀ mi."

Ẹyin lohùn. Ti Dókítà ti balẹ̀, ó ti fọ́, gbogbo wa la sì ń wo omi rẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé ò dúró kí wọ́n pè é. Ó fò dìde. "Ta ló ní kó lọ? Ọmọ wa ni! Kó máa bọ̀ lọ́la!"

"Ẹ tún un sọ, sà," ni mo wí, "àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi aṣọ bojú, ó ń sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹkún yẹn yàtọ̀ sí ti ìjelòó.

Ṣé Dókítà á gbà? Ó gbá máìkì mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé! Ọ́tísìmù kan wà tó máa ń sá pamọ́! Ó máa ń dọ́gbọ́n! Èmi tí mo ti..." Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké fíìììì, ó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ọmọ tó wà lórí ẹní di etí. Àwọn ìgbìmọ̀ di etí. Alága alára di etí.

Màmá Kékeré dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Dókítà kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ.

Ilé dákẹ́. Ẹnu Dókítà ṣì ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohun tó ń jáde.

"Ariwo ti pọ̀ jù," ni ọmọ náà wí, wáyà ló ń wò.

Alága padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Mo kín ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn," ló wí. "Àwọn mìíràn tó bá fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́ sókè."

Gbogbo gbọ̀ngàn nawọ́ sókè, ọ̀gá ilé ìwé sì na méjèèjì.