Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Aláìníkọ́kọ́rọ́ Dí Géètì

Ọjọ́ kan ń bẹ tí ọkàn mi kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá ti ń ṣá lójú mi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣá. Ọkọ̀ kan ló dójú tì mí ní Hamburg, níwájú ìyá ìyàwó mi, níwájú àwọn awakọ̀ àjàgbé, àti níwájú obìnrin tí mo fẹ́ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ńṣe ni mo máa ń di ojú mi bí ẹni tó ń sùn.

Gesundbrunnen ní Berlin là ń gbé nígbà náà, nígbà tí fóònù gbogbo wa ṣì ní bọ́tìnnì. Èmi àti Bùnmi ìyàwó mi ni, pẹ̀lú Táyọ̀ ọmọ wa tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Màmá, ìyá Bùnmi, ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá láti bá wa tọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Märkisches Viertel ti parí, ìwé ìgbélùú mi sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tán. Obìnrin tó ń mójú tó fáìlì mi ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì, ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n mú Arbeitsvertrag wá, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́ tuntun. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Bí wọ́n bá ń pariwo mọ́ èèyàn, ó ṣì ku ibi tí ọ̀rọ̀ máa dé.

Mo kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, àwọn tó ń kó ẹrù ní Rothenburgsort, ní Hamburg, nítòsí èbúté. Wọ́n ń wá awakọ̀. Kí n wá ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́rú, kí n má ṣe pẹ́.

Ọkọ̀ tèmi ti kú ní oṣù tó kọjá. Brọ̀dá Délé, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ní kí n mú tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà jojú ní gbèsè. Kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá, káàdì pẹlẹbẹ kan ló ní. Bí káàdì bá ti wà nítòsí, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀, èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì dún. Iná rẹ̀ ń tàn fúnra rẹ̀. Wáípà rẹ̀ ń nu gíláàsì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní búrèkì ọwọ́ tí à ń fà. Bí o bá ti pa ẹ́ńjìnnì, á fi búrèkì de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀, kí n ṣàlàyé," Brọ̀dá Délé wí.

"Brọ̀dá mi, láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń wakọ̀," mo fèsì, mo sì rẹ́rìn-ín àgbà.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú, a kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Màmá máa bá mi lọ, nítorí Fúnkẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń gbé ní Rothenburgsort, ó sì ti tó ọdún méjìlá tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Mo máa fà á lé Fúnkẹ́ lọ́wọ́ bí ìyẹn bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán. Táì ń fún mi lọ́rùn, mo fẹ́ tún un so, mo bá fi káàdì lé Bùnmi lọ́wọ́. Ó jù ú sínú àpò kóòtù rẹ̀. Mo so táì tán, mo wọlé, Bùnmi sì tẹ̀ wọ inú fèrèsé láti bá ìyá rẹ̀ de bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì dún fùù. Bùnmi sún sẹ́yìn, ó juwọ́ sí wa, a sì gbéra.

A ò tíì yọ ní àdúgbò tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í han bí òròmọdìyẹ. Ọ̀rọ̀ kan yọ níwájú mi: *Karte nicht erkannt*. Èyí tó túmọ̀ sí pé òun ò rí "Karte" mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará Jámánì fi ń pe káàdì, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe máàpù. Èmi ọ̀mọ̀wé, máàpù ni mo mú. Mo ní ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà ló ti sọnù, mo bá pa á.

"Kí ló ń ké yẹn, Bàbá Táyọ̀?" Màmá béèrè.

"Máàpù ni, Mà. Kò mọ ọ̀nà. Èmi mọ̀ ọ́n."

"Máàpù ń ké?"

"Ọkọ̀ òyìnbó ni, Mà. Gbogbo nǹkan wọn ló ń ké."

Ọkọ̀ náà ké títí ó fi sú u, ó sì dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀.

Lórí Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, òjò bẹ̀rẹ̀. Àjàgbé kan kọjá lára wa, ó da omi bò wá, wáípà bá ya wèrè, ó ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí eèrùn wọ ṣòkòtò rẹ̀. Màmá ké "Jésù!" ó sì di ọwọ́ mi mú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀nà ẹlòmíràn. Láti ìgbà yẹn, Màmá ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tó fẹ́ tọ̀ ní ilé epo, mo jókòó dè é, mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, torí mi ò fẹ́ pẹ́. Ká ní mo pa á níbẹ̀ ni, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni ì bá rí ìtìjú mi.

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí a dé ẹnu géètì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tóóró, ọ̀pá kan sì dábùú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo tún táì mi tò. Olùṣọ́ géètì, bàbá arúgbó kan tó ní irunmú, yọ orí níta, ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì kí òun fi lè gbọ́ orúkọ mi. Mo pa á. Mo gbọ́ tí búrèkì de ara rẹ̀ lábẹ́ wa, gìrì. Bàbá rí orúkọ mi nínú ìwé, ó gbé ọ̀pá sókè, ó ní kí n máa wọlé.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. *Karte nicht erkannt*. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: káàdì ló ń wí, kì í ṣe máàpù. Mo wá inú àpò kóòtù, mo wá àpò ṣòkòtò, mo wá inú ìbọ̀sẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn wa, àjàgbé kan ti dúró. Òmíràn dúró ti ìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè.

Mo bọ́ sílẹ̀ láti wo abẹ́ àga. Mo ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà dún tàà, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, Màmá sì wà nínú rẹ̀. Mo gbá gíláàsì. Màmá yí ara padà láti wò mí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àga bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Táyọ̀! Mò ń lọ o!"

"Ẹ má tẹ nǹkan kan, Mà!"

"Mi ò tẹ nǹkan kan! Àga ló ń gbé mi lọ!"

Mo ń wò ó lójú mi kòrókòró bó ṣe ń rì, títí tó fi ku gèlè nìkan. Ẹ̀rù bà mí dé mùdùnmúdùn. Kí ni màá wí fún Bùnmi? Mo pariwo pé kí wọ́n fa irin tó wà lára ilẹ̀kùn. Ọwọ́ kan jáde láti ìsàlẹ̀, ó wá irin náà kiri, ó fà á, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn ayé àtijọ́. Màmá jáde, ó fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn náà dé, ọkọ̀ sì tún ti ara rẹ̀ pa. Ó ku èmi, Màmá àti ìbànújẹ́ níta.

Mo pe Bùnmi.

"Bùnmi, jọ̀ọ́, káàdì ọkọ̀ ń kọ́?"

"Káàdì wo?" Mo gbọ́ bó ṣe ń tú àpò. "Áà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ní Berlin?"

"Níbo ni mo wà, Bàbá Táyọ̀? Ẹ jẹ́ kí n pọn ọmọ, mò ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin."

Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, àjàgbé ti di mẹ́fà. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré bọ̀ láti inú ọgbà, ó mú ìwé dání. Frau Jansen ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi.

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo wà á wá."

"Ta ni ẹ̀yin?"

Mo sọ orúkọ mi. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ìwé.

"Ẹ̀yin lẹ wá fún iṣẹ́ awakọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Awakọ̀ àjàgbé tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bo ọwọ́ ìdarí rẹ̀, fèrè rẹ̀ sì tún dún.

Frau Jansen ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹrù inú àjàgbé kejì gbọ́dọ̀ dé èbúté kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró dè é. Ó pe àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀. Wọ́n ní ó di wákàtí méjì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti ọkọ̀ náà, kò mì, ó ti de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Frau Jansen wá pe ọkùnrin tó ń wa Stapler, ẹ̀rọ tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù. Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ Brọ̀dá Délé tó ń dán gbinrin, ó mi orí. Ó ní bí òun bá bà á jẹ́, ta ló máa dáhùn?

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Èmi á gbé e."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ fún wọn pé mo ti wa ẹ̀rọ yẹn fún ọdún mẹ́fà ní wọ́ọ̀fù Àpápá, mo sì yọ Staplerschein mi, ìwé àṣẹ tí mo gbà ní Berlin. Frau Jansen kà á níwá, ó kà á lẹ́yìn. Ó wo àwọn àjàgbé. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà, ọrùn mi ló wà.

Mo gun orí ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi rántí. Wọ́n to pákó sórí ìka irin, mo tì í wọ abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo gbé e sókè. Kò tíì kúrò nílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ tí ọkọ̀ náà fi rò pé olè ló gbé òun. Ó figbe ta. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, fèrè rẹ̀ ń hu, bàbá olùṣọ́ géètì di etí rẹ̀. Màmá dúró lábẹ́ ìbòrí, ó na ọwọ́ sókè, ó ń ka Sáàmù, mi ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fi ẹ̀yìn rìn, mo yí i, táyà iwájú rẹ̀ fi bí ìka kan kọjá lára òpó géètì. Mo gbé ọkọ̀ ẹlẹ́kún náà gba àárín ọgbà kọjá bí ẹni gbé ọmọ tó ń ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sọ ọ́ sí igun kan, wọ́ọ́rọ́.

Àwọn àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ tó fi mí rẹ́rìn-ín yọ fìlà rẹ̀ sí mi.

Frau Jansen ń sọ̀rọ̀, igbe ọkọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ọ́fíìsì. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì.

A ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà bí ọkọ̀ ṣe ń dákẹ́ tó tún ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ó béèrè bí mo ṣe dé Hamburg láìní káàdì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ máàpù fún un. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ padà wá ní Mọ́ńdè, kí ẹ wa Stapler fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta, ká wò ó."

Nígbà tí aago kan kọjá, Bùnmi dé, ọmọ lẹ́yìn, kóòtù lọ́rùn. Bó ṣe sún mọ́ ọkọ̀ náà báyìí, ilẹ̀kùn ṣí fún un, igbe dáwọ́ dúró. Màmá sì ti ń sọ fún Fúnkẹ́, tí mo pè wá síbẹ̀, bí àga ṣe fẹ́ sin òun láàyè. Bùnmi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbà yín?"

"Wọ́n fẹ́ dán mi wò."

"Ẹ ṣeun Olúwa," ó ní, ó yọ káàdì hàn mí, ó sì dá a padà sínú àpò tirẹ̀.

Mo lọ ní Mọ́ńdè. Ìwé àdéhùn dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, oṣù méjì lẹ́yìn náà a kó lọ sí Hamburg. Ohun tí mo kọ́ ò ṣòro. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ èèyàn ní nǹkan, kí èèyàn jókòó kó gbọ́, ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́. Bí nǹkan bá sì ń ké sí èèyàn létí, kó má ṣe yára sọ pé òun ti mọ ohun tó ń wí. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, màá sọ ìtàn yìí fún wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ògiri mú. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tèmi kì í dé ikùn, etí mi á ti máa gbóná.