Ìyá Àdíját àti Kílò Ogún

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, òṣùwọ̀n onírin kan wà tí wọ́n fi kọ́ òpó. Herbert, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Dáfídì, ló ni ín, akọ̀wé tó fi ọgbọ̀n ọdún ka ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní wáàfù Apápá kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí Herbert kò mọ̀. Èyí tí kò bá tilẹ̀ mọ̀, òun ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ pẹ́ jù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1992, Ìyá Àdíját, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà, wọlé tòun ti àpótí ńlá kan, èyí tí Herbert fúnra rẹ̀ yá a lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá Dáfídì, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n kíá. Agogo mẹ́rin ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra. Mo mọ̀ pé ó pé, mo kàn ní kẹ́ ẹ bá mi fojú rí i ni."

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Àdíját. Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà? Ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú láìka ìwé, orí ilẹ̀ ló máa wà."

Ó fi awò sójú, ó wú ikọ́ bí ẹni fẹ́ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ẹrù inú ọkọ̀, ẹyọ kan, kílò ogún. Ẹrù ọwọ́, ẹyọ kan, kílò márùn-ún. Kílò kan tó bá lé, igba náírà. Oúnjẹ, owó. Omi, owó."

"Omi náà?"

"Ohun tó jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì wọn rọjú nìyẹn. Àga ni wọ́n tà fún yín. Gbogbo ohun tó kù, òkè lọ́hùn-ún lẹ ti máa rà á."

"Kò burú. Mo ti jẹun yó, mo sì ti mumi. Ẹrù ọwọ́ nìyí."

Oyin, iyọ̀, obì àti aṣọ ìsọmọlórúkọ ló wà nínú àpò náà. Herbert fi í kọ́ òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ dúró lórí márùn-ún, inú Herbert sì dùn bí ẹni pé òun ló di ẹrù náà.

"Márùn-ún géérégé! Ẹ wá ká jọ gbé ńlá."

Àwọn méjèèjì gbé àpótí náà gun ìkọ́. Òṣùwọ̀n ké. Abẹ́rẹ́ sáré kọjá ogún láìwẹ̀yìn, ó kọjá ọgbọ̀n, kó tó wá rántí dúró.

"Ìyá Àdíját."

"Ó pé, àbí?"

"Ó pé, ó sì bímọ lé e. Kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Irọ́ ni! Òṣùwọ̀n yín ti darúgbó. Ogún ni. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Kóńgò. Kóńgò Ìyá Ṣèyí onígàrí. Ogún ni, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó ga lórí."

Herbert yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í padà.

"Ẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹ fi kóńgò wọn aṣọ?"

"Mo ká a sínú rẹ̀ dáadáa. Bùbá méjì, kóńgò kan. Ẹja nìkan ló fún mi ní wàhálà, ìrù rẹ̀ yọ síta. Mo ka ìrù sí ìdajì."

"Kóńgò kọ́ ni kílò!"

"Èmi rò pé bí òyìnbó ṣe ń pe kóńgò nìyẹn ni. Ogún ṣáà ni ogún."

"Ẹ gbọ́ mi yé. Kóńgò ń wo bí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Kílò ń wo bí ó ṣe wúwo tó. Bí mo bá bu òwú kóńgò kan, tí mo tún bu ìṣó kóńgò kan, èwo ló jù?"

"Òwú ló wọ́n jù. Èmi ni mò ń tà á."

Herbert mí kanlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi jiyàn ní wáàfù, kò sí èyí tó dá a lágara tó báyìí.

"Kílò mẹ́rìnlá ló lé, Ìyá Àdíját. Igba náírà lọ́nà mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rìnlá náírà!"

"Ẹgbẹ̀rìnlá! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ló wà létí ìró mi!" Ó gbá àyà mú. "Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń wọn òun náà?"

"Ọ̀fẹ́ ni ti ọmọ ọwọ́."

"Tí mo bá wá pọn èlùbọ́?"

"Kẹ́ ẹ pọn kí ni?"

"Èlùbọ́. Mo máa dé e ní fìlà, mo máa fi ọ̀já gbá a pinpin. Nínú ọkọ̀ èrò, ọmọ ẹ̀yìn kì í sanwó."

"Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn rí ojú ọmọ."

"Mo máa ní ó ń sùn."

"Láti ibí dé Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ọmọ tó gbọ́ràn ni."

Herbert fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín náà parẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àdíját ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, omi sì ti lé sí i lójú.

"Bàbá Dáfídì, bí wọn ò bá jẹ́ kí n wọlé ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú ni ìsọmọlórúkọ. Ọmọ àkọ́kọ́ tí Àdíját máa bí! Ó pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wẹ ọmọ fóun. Wọ́n kàn ń fi aṣọ tútù nù ún bí ẹni ń nu tábìlì. Ara ọmọ ò rí òrí, kò sẹ́ni tó ń nà án lápá, kò sẹ́ni tó ń gbé e jù sókè. Torí kí n lè lọ wẹ ọmọ yẹn ni mo ṣe ta ọjà mi lọ́ọ̀pọ̀, tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ má sunkún mọ́. Ẹrù tó bá wúwo, dídín là ń dín in. Ẹ ṣí i ká wò ó."

Wọ́n sọ àpótí kalẹ̀, wọ́n ṣí i. Herbert bẹ̀rẹ̀ sí í nàka bí àwọn aṣọ́bodè.

"Ta ló ni agolo èlùbọ́ yìí?"

"Ìyá Ṣèyí ló ní kí n bá òun fún Ṣèyí ní Peckham."

"Àpótí pákó yìí ńkọ́?"

"Ti Gàníyù télọ̀ ni. Agbádá àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó kàn án níṣòó kó má baà rún."

"Ẹja?"

"Ti Ọpẹ́yẹmí aládùúgbò wa ni."

"Ẹrù rẹ̀bẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé yìí ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n bá wọn mú un dání ni òun náà." Ìyá Àdíját yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà! Òfin lòfin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ẹrù ẹlẹ́rù kan ò gba iwájú mi kọjá rí."

"Kí n dá ohun tí wọ́n fi rán mi padà? Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wá, tí wọ́n ti gbàdúrà ìrìn àjò fún mi? Kí wọ́n wá máa sọ ọ́ kiri Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pé tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù ti sọ mí di nǹkan míì? Mi ò lè ṣe é. Tèmi ni n óò yọ."

Ó kiwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: igbá òrí, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, ọ̀já tuntun méjì.

"Kílò mẹ́rin nìyẹn á jẹ́, àbí? Ó ku mẹ́wàá."

"Ìyá Àdíját! Ẹ̀yin lẹ̀ ń rìnrìn àjò, ẹrù tiyín ló ń sọ̀ kalẹ̀? Kí lẹ máa wá fi wẹ ọmọ?"

Obìnrin náà wo kànìnkànìn tó wà nílẹ̀.

"Mo máa fi aṣọ tútù nù ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Herbert dénú. Àwọn tó kó ẹrù bò ó yìí bí i nínú, ìbínú náà sì bọ́ sórí rẹ̀bẹ̀tẹ̀ inú ìwé ìròyìn, nítorí òun ló tóbi jù.

"Èyí ló burú jù! Ẹni tí kò lójú àánú nìkan ló lè di irú eléyìí ru obìnrin tó ń lọ wẹ ọmọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi! Èmi fúnra mi ni n óò gbé e padà fún un, n óò sì bá a sọ̀rọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Dáfídì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò fi í sílẹ̀!"

Ó fa ìwé ìròyìn ya. Àgbọn mẹ́rin yí gbirigbiri jáde sílẹ̀, ọ̀rá ẹ̀wà kan tẹ̀ lé wọn, ìwé pélébé kan sì já bọ́. Herbert mú un, ó kà á sókè: "'Dáfídì ọmọ mi, fún frejon Gúdù Fúráìdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí. Má ṣe jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Èmi ìyá rẹ, Clementina.'"

Lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn pa jẹ́jẹ́.

"Ẹ ní kí n dárúkọ rẹ̀," ni Ìyá Àdíját wí.

"Ṣé kò sí àgbọn ní Manchester ni?"

"Màmá Dáfídì ní ó wà. Wọ́n ní kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yìí ni."

Herbert gbé àgbọn kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Ọdún kẹrin rèé tí Dáfídì ti lọ sí Manchester, tí wọ́n ń jẹ frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi oje àgbọn sè, láìsí i nídìí tábìlì, Dáfídì tó máa ń fi ìka lá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àárò ọmọ náà sọ ọ́ lójijì, ó sì gbé àgbọn náà mọ́ àyà láìmọ̀.

"Kí n dá a padà?" ni Ìyá Àdíját béèrè. "Òfin lòfin."

"Ẹ... ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká tún ìwé yẹn kà."

Bó ṣe ń nawọ́ sí ìwé, àgbọn náà dún kọ̀lọ́-kọ̀lọ́. Ìyá Àdíját dìde dúró.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Omi inú rẹ̀ ni."

"Omi! Èmi á wá máa sanwó ọkọ̀ fún omi àgbọn? Èèpo yẹn ńkọ́, ṣé Dáfídì máa fi èèpo se ẹ̀wà ni? Bàbá Dáfídì, ẹ mọ òfin, àmọ́ ẹ ò mọ ọjà. Ẹni tó ń gba ọ̀nà jíjìn kì í ru èèpo. Ẹ fún mi ní ọmọ odó!"

Gbàù! Àgbọn àkọ́kọ́ là. Kí ó má baà ṣòfò, Herbert gbé omi rẹ̀ mu. Gbàù! Ó mu ìkejì. Nígbà tí ìkẹrin fi là, omi ti rin singiléètì rẹ̀ gbingbin, ó sì ti gbàgbé pé ọ̀gá àgbà lòun.

"Agbádá ńkọ́?" ló bi í.

"Agbádá ò nílò pákó. Ẹ bá mi fa ìṣó yẹn yọ."

"Ó máa rún o."

"Wọ́n ní ayọ́nù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ da èlùbọ́ sínú ọ̀rá. Kí Ìyá Ṣèyí gba agolo rẹ̀."

"Orí ẹja ńkọ́?"

"Kí lorí ẹja fẹ́ lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ gé e. Ọpẹ́yẹmí á fi í se ọbẹ̀."

Herbert gbé òrí, ọṣẹ, kànìnkànìn àti ọ̀já, ó kó wọn padà sínú àpótí fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ fi wọ́n sókè pátápátá. Wọ́n gbé e kọ́.

"Márùndínlọ́gbọ̀n," ni Herbert wí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣì lé ní márùn-ún. Kò sì sí èèpo kankan mọ́."

Ìyá Àdíját wo òṣùwọ̀n, ó wo àpótí, ó wo Herbert.

"Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ká wọn àpótí lásán."

"Àpótí tèmi? Ìyá Àdíját, awọ ojúlówó nìyẹn! Irin ló wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á mọ̀ pé ó nílé..."

"Ẹ ṣáà gbé e kọ́."

Herbert gbé e kọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lórí márùn-ún.

"Bàbá Dáfídì."

"Mo ti rí i."

"Ẹgbẹ̀rún náírà kí àpótí yín lè wo Lọ́ńdọ̀nù."

"Mo ní mo ti rí i!"

Ìyá Àdíját sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú báàgì Gáná-mọ́ọ̀sì-gó tuntun kan jáde, ó sì kó gbogbo ẹrù náà sínú rẹ̀. Herbert jókòó ti àpótí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa igun rẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Nígbà tí báàgì gun ìkọ́, òun ló kọ́kọ́ sáré lọ síwájú òṣùwọ̀n. Ó fẹjú mọ́ ọn. Ó yọ awò. Ó tún wò ó.

"Ogún..."

"Alihamudulilahi!"

"...àtààbọ̀. Ó lé ní ààbọ̀ kílò."

Wọ́n tún yẹ ẹrù wò látòkè délẹ̀. Kò sí agolo, kò sí pákó, kò sí orí ẹja. Ohun tó kù níbẹ̀, ẹnì kan ń dúró dè é. Aago ilé lù nígbà mọ́kànlá, ojora sì mú Herbert ju obìnrin tó ń rìnrìn àjò lọ.

"Wọ́n á wọ̀n ọ́n, Ìyá Àdíját. Wọ́n á sì rí i. Ààbọ̀ kílò yìí, kí la fẹ́ pè é?"

"Èènì ni."

"Èènì kẹ̀?"

"Mo ra kílò ogún lọ́wọ́ wọn, mo sanwó, mi ò já wọn jẹ. Kí wọ́n bu èènì lé e fún mi."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa! Mo ti ka ìwé wọn tán, mo kà á tinú tẹ̀yìn. Ọkọ̀ òfurufú kì í fún èèyàn ní èènì!"

Ìyá Àdíját ká òṣùká, ó gbé báàgì rù, ó fi àpò kékeré kọ́ apá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wá rọra yíjú padà tẹrù-tẹrù.

"Bàbá Dáfídì, ṣé ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ wọn rí?"