Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Àwòṣífìlà

Àwòṣífìlà ni wọ́n ń pè é. Fọ́tò ló ń yà.

Ara rẹ̀ ló sì ń yà jù. Kò sí àwòrán ìgbéyàwó tí kò sí nínú rẹ̀: á ṣètò kámẹ́rà, á sáré lọ dúró láàárín, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní kí ló ń wá láàárín ọkọ àti ìyàwó, á ní, "Ṣé ọbẹ̀ ń dùn láìníyọ̀ ni?"

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ló fi ń yangàn. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Búlúù ìfọṣọ tí ẹlòmíràn ń fi ṣóńṣó ìka bù, ẹ̀kúnwọ́ ló ń dà á sómi. Á wá dúró níwájú dígí, á máa ki ara rẹ̀: "Afunfun-ju-lékeléke! Ẹni tó bá ń wá funfun tó ju tìrẹ lọ, kó lọ fọ eyín!"

Mátírọ́ọ̀nù ọsibítù fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán òun àtàwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá yà á re ni yóò di onífọ́tò ọsibítù. Àwòṣífìlà kò tíì yà á, ó ti kọ oyè náà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ yà wọ́n, iná gbọ̀ngàn ọsibítù pọ́n bí epo. Nọ́ọ̀sì kan na bébà funfun kan sí i.

"Bọ̀dá, ẹ fi èyí han kámẹ́rà kó lè mọ ohun tó funfun. Iná yìí máa ń tàn án jẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ya fọ́tò ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ò bá sí bébà, á fi ife tíì."

"Ife tíì kẹ̀? Funfun wà lọ́rùn mi, ẹ ní kí n lọ yá funfun!"

Ó kọjú kámẹ́rà sí àyà ara rẹ̀. "Wò ó dáadáa. Ohun tó ń jẹ́ funfun nìyí." Kámẹ́rà gbà. Ẹ̀rọ kì í báni jiyàn.

Ó ṣètò rẹ̀, ó sáré lọ jókòó ti Mátírọ́ọ̀nù.

Wọ́n tan àwòrán náà sára ògiri lójú gbogbo ọsibítù. Yéè! Mátírọ́ọ̀nù rí rúsúrúsú bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì rí rúsúrúsú, eyín wọn pàápàá kò yọ sílẹ̀.

Dókítà fò dìde. "Ibà pọ́njú! Ta ló kó o ràn wọ́n?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló funfun níbẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" Àwòṣífìlà nàka sí ara rẹ̀ lára ògiri. "Kámẹ́rà mi kì í purọ́. Èmi nìkan ni mo fọṣọ."

Aṣọ nọ́ọ̀sì ni Mátírọ́ọ̀nù ń yẹ̀ wò láràárọ̀, ó mọ̀ pé wọ́n funfun. Ó yíjú sí i.

"Ọkọ mi, fi bébà ọmọ yẹn han kámẹ́rà ẹ. Tún wa yà. Kó o sì jókòó síbi tó o jókòó sí."

Kò rọ́nà gbé e gbà. Ó ṣe é.

Àwòrán kejì yọ. Àwọn nọ́ọ̀sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Láàárín wọn ni Afunfun-ju-lékeléke jókòó sí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ búlúù bí ojú sánmà.

"Háà!" ẹnì kan ké lẹ́yìn. "Búlúù ni bọ̀dá yìí pè ní funfun fún kámẹ́rà! Búlúù ló ń fọ̀, kì í ṣe aṣọ!"

Ẹ̀rín bẹ́. Dókítà fọwọ́ dinú mú. Aláìsàn tó ti ń kérora láti àárọ̀ gbàgbé ibi tó ń dùn ún.

"Èyí dáa," Mátírọ́ọ̀nù ní. "Ẹ gé búlúù àárín yẹn kúrò, kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Kẹ́ ẹ sì bá mi pe ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí, òun ni yóò máa yà wá."

Àwòṣífìlà wo ògiri. Ó wo àyà rẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà, ó fi bo àyà, ó dìde, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.